Eré Ìdárayá Yunifásitì àti Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán ní Ilẹ̀ Èkìtì

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ni ó wà ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìdó lónìí tí wọ́n lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal láti orí aṣọ́lé títí dé orí ẹni tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè pé ta ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásitì tí ó wà nítòsí wọn ní ọdún tí ó kọjá, wọn yóò máa wo ojú ara wọn. Ọmọ agbègbè yìí ni èmi náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ojú kì í mọ ohun tí kò rí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: báwo ni ó ti ṣe jẹ́ pé ohun tí ó jìnnà ni à ń rí, tí a kò sì rí ti ìtòsí? Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ó yẹ kí á mú un láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò káàkiri ilé ní Èkó. Ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Àpótí yìí ni àwọn baba wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé a máa sọ tirẹ̀, kì í sì í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí i pé ibi tí wáyà bá dé nìkan ni ohùn ń dé. Ẹni tí ó ni wáyà ni ó mọ ẹni tí yóò gbọ́ àti ẹni tí kò ní gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àìgbọ́ èsì yìí gan-an ni ó bí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ilẹ̀ wa. Ní 1953, Gómìnà Macpherson lo rédíò ìjọba láti bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group wí lórí ọ̀rọ̀ òmìnira. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì, ṣùgbọ́n wọn kò gbà fún un. Nígbà tí òfin tuntun ti 1954 fi àyè gba àwọn ẹkùn láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn kò fi falẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Enugu tẹ̀lé e ní 1960, Kaduna sì dé ní 1962.

Èkìtì wà nínú ẹkùn náà, owó orí àwọn ará Èkìtì sì wà nínú owó tí ìjọba ń ná. Ṣùgbọ́n ìgbì tí ó ń gbé àwòrán kì í rọ́ kọ́rọ́ gba ẹ̀yìn òkè. Tààrà ni í lọ. Bí òkè bá dí i lọ́nà, ó parí nìyẹn. Àwọn àgbà sì sọ fún wa pé láti ara òkìtì ni a ti rí orúkọ Èkìtì. Láti Ìbàdàn dé Ìkọ̀lé ju 200 kìlómítà lọ ní ọ̀nà mọ́tò, òkè lórí òkè sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn yunifásitì ilẹ̀ wa kóra jọ sí Ìbàdàn ní 1966 fún ìdíje NUGA àkọ́kọ́, bí wọ́n tilẹ̀ gbé kámẹ́rà lọ sí pápá náà, àwọn ará ilé tiwa kì bá tí rí ohunkóhun.

Bí ìjọba ti ń sún mọ́ wa ni àwòrán ń sún mọ́ wa. Ní 1976 a dá ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọdún 1996, a dá Èkìtì sílẹ̀, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tiwa sì wà ní Adó.

Láàárín àkókò yìí kan náà ni sátẹ́láìtì dé. Ní 1995 ni DStv bẹ̀rẹ̀. Sátẹ́láìtì yìí wà ní òkè réré, nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀, ó sì ń bá ayé yí po ní ìwọ̀n kan náà, tí ó fi dà bí ẹni pé ojú kan ni ó dúró sí. Ìdí nìyẹn tí díìṣì orí òrùlé fi lè kọjú sí ìlà-oòrùn láì yẹsẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé láti òkè ni àwòrán ti ń bọ̀, òkìtì Èkìtì kò lè dí i lọ́wọ́ mọ́. Ẹni tí ó wà ní Ìkọ̀lé àti ẹni tí ó wà ní Èkó di ọgbọọgba.

Ṣùgbọ́n bí òkè òkúta ti kúrò lọ́nà ni òkè owó yọ jáde. Ní 2007, HiTV gba ẹ̀tọ́ láti fi bọ́ọ̀lù líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn ní Nàìjíríà. Àwọn tí ó ti ra dikóódà DStv nítorí bọ́ọ̀lù yìí ní láti wá òmíràn rà. Nígbà tí ó di 2010, ẹ̀tọ́ náà tún bọ́ mọ́ HiTV lọ́wọ́, ó padà sọ́dọ̀ DStv. Kò sì pẹ́ tí HiTV fi kógbá wọlé. Díìṣì kò yí padà, ojú ọ̀run kò yí padà. Ìwé àdéhùn ni ó yí padà.

Kí a má rò pé àwa nìkan ni irú èyí ń bá jà. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ NCAA ni ó ń pinnu iye ìgbà tí a lè fi bọ́ọ̀lù yunifásitì kọ̀ọ̀kan hàn, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1984. Adájọ́ 7 nínú 9 ni ó fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn yunifásitì ti ń ta eré wọn fúnra wọn. Ní 2012, àwọn yunifásitì 12 ní ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀ dá ìkànnì Pac-12 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ sátẹ́láìtì DirecTV kò bá wọn dé orí iye owó kan náà títí ìkànnì náà fi kú ní 2024. Ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ọ̀kan nínú wọn lè ní díìṣì lórí ilé rẹ̀ fún ọdún 12, kí ó má sì rí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Tiwa tún burú ju èyí lọ, nítorí pé àwọn ní ìkànnì tí wọ́n ń jà lé lórí. Ní 2011 ni a dá Yunifásitì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Ní 2018 ni líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a ń pè ní HiFL bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásitì ọ̀gbìn Makurdi ni ó gba ife ti ọdún náà àti ti 2019. Ẹsẹ̀ ń bẹ, pápá ń bẹ, òǹwòran ń bẹ. Kámẹ́rà ni kò sí.

Gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ohun kan wà tí ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá ròyìn bọ́ọ̀lù, inú ọpọ́n ayò ni wọ́n ti lọ mú ọ̀rọ̀ wá. Wọ́n ní ayò 2 sí 1. Bí kò bá sì sí olúborí, wọ́n ní wọ́n ta ọ̀mì. Ẹni tí kò ta ayò rí ní ayé rẹ̀ ń sọ èdè ayò lójoojúmọ́. Báyìí ni èdè ṣe ń dàgbà. Eré tí a kò ròyìn kì í bí ọ̀rọ̀, eré tí a kò sì ká sílẹ̀ kì í ní ìtàn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ ìtàn àwọn eléré ìdárayá yunifásitì àríwá Èkìtì ní 50 ọdún sí i, kí ni yóò rí mú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò di ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńlá bá rántí wa. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí ó wà ní Adó lè ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún eré àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Èkìtì. Bí ìyẹn kò bá tíì ṣeé ṣe, fóònù wà lọ́wọ́ wa, ẹnu sì wà fún wa láti fi Yorùbá ròyìn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, mo fi èyí síwájú yín: ní ìdíje tí ó ń bọ̀, kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá gba iṣẹ́ ìròyìn náà ṣe, kí á sì kó ohun tí a bá ká pamọ́ sí ilé ìkàwé. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.