Katakata Aláìláwakọ̀ Pàdé Ẹrẹ̀

Ẹni tó bá ti wakọ̀ lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ rí yóò jẹ́rìí mi: èèyàn lè yí sítíárìn sọ́tùn-ún kí ọkọ̀ ṣì máa yọ̀ lọ sínú kòtò lápá òsì. Ohun tí ọwọ́ awakọ̀ wí kọ́ ni táyà gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló kó àwọn tó fẹ́ kí katakata máa dá ara rẹ̀ wà lóko sí wàhálà.

Ẹ má rò pé èrò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé o. Ní nǹkan bí ọdún 1940, ní Amẹ́ríkà, Frank Andrew gbé àgbá kan sáàárín oko, ó so okùn wáyà mọ́ ọn, ó sì so orí kejì okùn náà mọ́ ibi tí wọ́n fi ń darí ẹsẹ̀ iwájú katakata. Bí katakata ti ń yí oko po, bẹ́ẹ̀ ni okùn ń wé mọ́ àgbá, tó ń kúrú, títí iṣẹ́ fi dé àárín. Ọgbọ́n ni, àbí? Ṣùgbọ́n oko mélòó ló rí roboto bí àwo?

Nígbà tó di 1996, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford, ní Kalifóníà, gbé áńtẹ́nà mẹ́rin sórí katakata John Deere kan, ó ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS. Ó tọ ìlà débi pé àṣìṣe rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ.

Ó kù síbì kan. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbára lé gbà pé ibi tí táyà bá kọjú sí ló ń lọ. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, òótọ́ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tí òjò ti rọ̀ sí, irọ́ ni. Katakata á yọ̀ kúrò lórí ìlà, á tẹ irúgbìn mọ́lẹ̀. Ajílẹ̀ á bọ́ sí ibì kan lẹ́ẹ̀mejì, ibòmíràn kò ní rí rárá. Owó àgbẹ̀ ló ń ṣòfò yẹn.

Ní Clermont-Ferrand, agbègbè olókè ní ilẹ̀ Faransé, ni Roland Lenain, Benoit Thuilot àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti dojú kọ ọ̀rọ̀ náà láàárín 2003 sí 2006. Kọ̀ǹpútà wọn ń fi ibi tó yẹ kí katakata wà wé ibi tí sátẹ́láìtì rí i. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ bí ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn ti ń yọ̀ tó. Ó wá ń kọjú táyà sókè díẹ̀, kí ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, kó sì dúró lórí ìlà. Bí kọ́nà bá sì ń bọ̀, á ti bẹ̀rẹ̀ sí yí kó tó débẹ̀, nítorí ẹ̀rọ wíwúwo kì í yí lójijì.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ yìí ń wo méjèèjì.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí awakọ̀ bá gbé yín la ẹrẹ̀ já láìséwu, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Ìṣirò tó gba àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́dún púpọ̀, ara tirẹ̀ ti ń ṣe é láìmú bírò.