Bí A Ṣe Lè Rìn ní Ìlú Àtijọ́ Orí Òkè Ìdànrè Láì Ṣìnà

Òkè Ìdànrè, ní ìhà gúúsù Àkúrẹ́, wà lára àwọn ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó máa ń lọ lásìkò ọdún àti nígbà ìsinmi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àtẹ̀gùn tí ó gbé ènìyàn dé orí rẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà náà. Títí dé òpin àtẹ̀gùn, ó ṣòro kí ènìyàn ṣìnà, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú àlàyé yìí, a ó sọ ohun tí ó ń mú kí àlejò ṣìnà lókè, bí a ṣe lè yẹra fún un, àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí ó bá ṣẹlẹ̀.

Ìlú tí ó wà lórí òkè

Kì í ṣe àpáta lásán ni ó wà lókè, ìlú ni. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu, láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá Ìdànrè ti ṣí wá, wọ́n sì gbé orí òkè náà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí ó yá ni àwọn ará ìlú sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀, níbi tí Odòde àti Àlàdé wà lónìí. Wọ́n fi ààfin Ọwá àtijọ́ sílẹ̀ lókè, pẹ̀lú ilé ẹjọ́, ilé agogo, àwọn ibi ìsìnkú, àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1896. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tí ó wà lára àpáta àti Omi Àpáàrá náà wà lára ohun tí àlejò ń wá wò. Láti ọdún 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé.

Ààbò ni àwọn àgbà wá lọ sórí òkè. Ibi tí ọ̀tá kò bá mọ ojú ọ̀nà rẹ̀ ni ó yẹ fún odi. Ohun kan náà tí ó dáàbò bo ìlú láyé ogun ni ó ń da àlejò òde òní láàmú: ọmọ onílé ni ó mọ ọ̀nà.

Ohun tí ó ń mú ni ṣìnà

Èkíní, àpáta kì í gba ojú ẹsẹ̀. Nínú igbó, ènìyàn lè rí ibi tí òun ti tẹ̀ kọjá. Lórí òkúta, kò sí àmì kankan. Èkejì, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó ti ààfin jáde kì í ṣe ọ̀kan, ewéko sì ti bo òmíràn nínú wọn. Ẹ̀kẹta, òkè kan lè jọ òmíràn, ojú tí a sì fi rí i ní àlọ kọ́ ni a ó fi rí i ní àbọ̀. Ẹ̀kẹrin, kùrukùru àsìkò òjò àti eruku ọyẹ́ lè pa àwọn òkè tí a fi ń ṣe àmì mọ́ wa lójú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù pàápàá lè má dúró sójú kan láàárín àwọn òkè.

Kí ẹ tó gòkè

Ẹ gba afinimọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ ìlú náà níbi àbáwọlé. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ ka iye ara yín, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ iye tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ ń lọ, àti àsìkò tí ẹ ó padà.

Ẹ gòkè ní òwúrọ̀. Ní ilẹ̀ wa, oòrùn kì í pẹ́ ju nǹkan bí agogo méje alẹ́ lọ kí ó tó wọ̀, ilẹ̀ sì máa ń yára ṣú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú omi, bàtà tí kì í yọ̀, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, àti fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún. Bí ẹ bá ti kúrò ní ààfin, ẹ máa bojú wẹ̀yìn lóòrèkóòrè, kí ẹ lè mọ bí ọ̀nà yóò ṣe rí nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Bí òjò bá ṣú, ẹ tètè sọ̀kalẹ̀: àpáta tútù ń yọ̀, mànàmáná kò sì dára fún ẹni tí ó dúró ní gbangba orí òkè.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọdé pé bí wọn kò bá rí yín mọ́, kí wọ́n dúró sójú kan, kí wọ́n sì máa pariwo. Ọmọ tí ó bá dúró yá rí ju ọmọ tí ń rìn kiri lọ.

Bí ẹ bá ti ṣìnà

Ẹ dúró. Bí ẹ bá mọ ọ̀nà padà sí ibi tí ẹ mọ̀ kẹ́yìn dájú, ẹ padà síbẹ̀. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ jókòó.

Ẹ má ṣe wá ọ̀nà àbùjá sọ̀kalẹ̀. Àpáta wọ̀nyí dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé: òkè rẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe ń sọ̀ ni ó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i, títí ẹsẹ̀ kò fi ní rí ibi dúró mọ́. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lè má rí ìsàlẹ̀, ó sì lè má lè gùn padà. Bákan náà, ẹ má ṣe tẹ̀ lé ipa omi. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, odò lè mú ni dé ìlú; lórí àpáta, omi lè já láti etí òkè.

Ẹ pe 112, nọ́mbà pàjáwìrì tí a kì í sanwó fún. Ẹ sọ ibi tí ẹ kọjá kẹ́yìn: ààfin ni, ilé ẹ̀kọ́ ni, tàbí ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn. Bí ìpè kò bá wọlé, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sinmi, kí ẹ tún un fun. Ẹ tẹ́ aṣọ aláwọ̀ títàn síbi tí ojú lè tó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ má ṣe rìn. Ẹ sún mọ́ ara yín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ tàbí tí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìsàlẹ̀

Bí àsìkò tí wọ́n dá bá kọjá, ẹ má ṣe dúró di alẹ́ kí ẹ tó kéde. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ àbáwọlé àti ọlọ́pàá nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Ẹ má sì fi ẹni tí kò mọ òkè ránṣẹ́ láti wá wọn nínú òkùnkùn, kí ẹni tí a ń wá má baà di méjì.

A ń rọ gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ wa láti máa lọ wo Òkè Ìdànrè, nítorí ohun ìní gbogbo wa ni. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, ẹ lọ pẹ̀lú ẹni tí ó mọ ọ̀nà, kí iye tí ó gòkè lè jẹ́ iye tí yóò sọ̀kalẹ̀.