Lẹ́tà Ní Orúkọ, Ó Sì Ní Ìró: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọdé Ní Kíkà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí ilé kéwú wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìyá náà sọ fún wa tayọ̀tayọ̀ pé ọmọ òun ti kéwú jìnnà níbi tí àwọn ń gbé tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tí a ní kí ó ké e, ó bẹ̀rẹ̀ láti Súúrà an-Nās, ó sì ń gòkè bọ̀ láìkọsẹ̀. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ojú ewé mìíràn tí a fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọmọ náà dákẹ́. A tọ́ka sí òmíràn, ó tún dákẹ́. Nígbà tí ó pẹ́, ó pe orúkọ lẹ́tà mẹ́ta tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pe orúkọ àmì tí ó wà lórí wọn, ṣùgbọ́n kò lè pa wọ́n pọ̀ di ọ̀rọ̀. Ojú ti ìyá rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe ọmọ ni ó jẹ̀bi.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́. Àwa náà ti na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. A rò pé olóríkunkun ni wọ́n. Ìgbà tí a tọ ìtàn iṣẹ́ wa lọ sẹ́yìn ni a tó mọ̀ pé ohun tí ó ń yọ àwọn ọmọ wọ̀nyí lẹ́nu kò jẹ́ tuntun, àti pé àwọn àgbà ẹ̀sìn wa ti wá ojútùú sí i láti ìgbà pípẹ́.

Kókó ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sì ní ìró. Nínú ábídí Yorùbá, "bí" ni orúkọ lẹ́tà kejì, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ka "bàbá", a kì í pe "bí" rárá. Ètè wa kàn pàdé, ó sì là. Ọmọ tí ó mọ orúkọ lẹ́tà láìmọ ìró rẹ̀ dà bí ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo ará ilé, ṣùgbọ́n tí kò dá ohùn ẹnikẹ́ni mọ̀ nígbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Kíkọ́ ọmọ láti ìró lẹ́tà, kí ó sì máa so ìró pọ̀ di ọ̀rọ̀, ni àwọn Òyìnbó ń pè ní phonics. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ilé-ìwé olówó ńlá ni ó mú un dé. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá.

Nígbà tí àwọn Sàhábà kọ Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé sílẹ̀, kò sí àmì fatha, kasra tàbí damma nínú rẹ̀. Àwọn Lárúbáwá kò nílò rẹ̀, nítorí èdè abínibí wọn ni. Ṣùgbọ́n bí Ìsìláàmù ṣe ń tàn dé ilẹ̀ Páṣíà àti ilẹ̀ mìíràn, àwọn tí kò gbọ́ Lárúbáwá láti ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, àṣìṣe sì ń wọlé. Ní ìlú Basra ní ilẹ̀ Ìráàkì, onímọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Abu al-Aswad ad-Du'ali, tí ó kú ní ọdún 69 lẹ́yìn Híjírà, èyí tí í ṣe 688. Ìtàn sọ pé ó gbọ́ tí ẹnì kan ń ka āyah kẹta nínú Súúrà at-Tawba, tí ó fi "i" parí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó fi "u" parí. Ìyàtọ̀ kékeré yìí yí ìtumọ̀ padà, ó wá dà bí ẹni pé Ọlọ́hun yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ̀rù ba Abu al-Aswad.

Kí ni ó ṣe? Kò na ẹni tí ó ṣì í kà. Ó wá akọ̀wé kan, ó ní kí ó mú tàdáwà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé náà, kí ó sì máa wo ẹnu òun. Bí òun bá la ẹnu, kí ó kán tàdáwà sókè lẹ́tà. Bí òun bá fa ètè wálẹ̀, kí ó kán an sísàlẹ̀. Bí òun bá kó ètè jọ, kí ó kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ àwọn àmì wa ti wá: fatha ni lílà, kasra ni ṣíṣẹ́, damma ni kíkó jọ. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará. Orúkọ tí àwọn ọmọ wa ń ké lójoojúmọ́ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, ìṣe ẹnu ni ó ń sọ. Olùkọ́ ìgbàlódé tí ó ní kí ọmọ wo ẹnu òun bí òun ṣe ń pe ìró, ọ̀nà Abu al-Aswad ni ó ń tọ̀, bí ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn Híjírà, al-Khalil ibn Ahmad, òun náà ní Basra, tún iṣẹ́ yìí ṣe. Ní àkókò yẹn, wọ́n ti ń fi ẹ̀kán tàdáwà dá lẹ́tà tí ó jọra mọ̀ yàtọ̀, bíi bā' àti tā', ẹ̀kán wá pọ̀ jù lójú ewé. Al-Khalil fi lẹ́tà wāw kékeré ṣe damma, ó sì fún àwọn àmì yòókù ní ìrísí tí a mọ̀ lónìí. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀, Kitāb al-'Ayn, kò to lẹ́tà bí a ṣe ń kà wọ́n. Ó tò wọ́n bí ìró wọn ṣe ń jáde, láti ọ̀nà ọ̀fun títí dé ètè.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Ilé kéwú ti wà níbí kí ilé-ìwé àwọn Òyìnbó tó dé. Orí wàláà ni a ti ń kọ́ lẹ́tà, lẹ́yìn náà àmì, lẹ́yìn náà kíkà. Àwọn àfáà kan sì ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá, èyí tí a ń pè ní anjẹmi. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì kúkúrú mẹ́ta péré ni Lárúbáwá ní, méje ni ti Yorùbá, láìka àwọn tí a ń fi imú pè. Ó ṣòro láti fi anjẹmi dá "ọkọ̀" mọ̀ yàtọ̀ sí "òkò".

Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Kìrìsìtẹ́nì ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó dára kì í yí padà nítorí ọwọ́ tí ó ti wá. Ní 1875, ìpàdé kan jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Àmì tí a ń fi sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn tí a ń fi sórí fáwẹ̀lì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀kán tàdáwà Abu al-Aswad: wọ́n ń sọ fún òǹkàwé ohun tí ẹnu rẹ̀ yóò ṣe. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, nítorí àwọn òbí ń bẹ̀rù pé ilé-ìwé ìjọ yóò gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ wọn. Láti ìgbà náà ni ọmọ kan náà ti ń fi orí kan ṣoṣo kó Lárúbáwá, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Gẹ̀ẹ́sì ni ó le jù. Lẹ́tà 26 ni ó ní, ìró rẹ̀ sì tó 44. Nítorí náà ni ìjà fi pẹ́ láàrin àwọn Òyìnbó fúnra wọn. Àwọn kan ní kí ọmọ máa wo odidi ọ̀rọ̀ kí ó sì há a sórí. Ní 1955, Rudolf Flesch kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà láti bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà yẹn. Ní 2000, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ yẹ ìwádìí púpọ̀ wò, wọ́n sì rí i pé fífi ìró kọ́ni létòlétò ń ran ọmọdé lọ́wọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìròyìn Jim Rose ní 2006, láti 2012 ni wọ́n sì ti ń dán àwọn ọmọ kékeré wò lórí ìró lẹ́tà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Òyìnbó nìkan ni ó ronú sí i. Ní ìlú Yogyakarta ní ilẹ̀ Indonesia, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ As'ad Humam, tí ó kú ní 1996. Ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n ń lò níbẹ̀ bíi tiwa: kí ọmọ pe orúkọ lẹ́tà, kí ó pe orúkọ àmì, kí ó tó pe ìró. As'ad Humam ṣe ìwé pẹ́pẹ́pẹ́ mẹ́fà tí ó pè ní Iqro'. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni ọmọ ti ń ka "a, ba, ta" tààrà láìpe orúkọ kankan. Ní 1988, òun àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣí ilé ẹ̀kọ́ Kùránì fún àwọn ọmọ kéékèèké, ọ̀nà náà sì tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè wọn.

Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ kò fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n ní ọ̀nà tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ni ó sọ wá di àfáà. Òtítọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: àwọn mélòó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wa tí wọn kò parí? Àwọn tí ó yege ni a ń kà, a kì í ka àwọn tí ó sá fún pàṣán. Abu al-Aswad pàápàá bá ọ̀nà kan lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń kọsẹ̀, ó fi kún un, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. A kò sọ pé kí a fi híhá sórí sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ọmọ tí ó há a sórí lè kà á pẹ̀lú. Ìró nìkan kò sì tó, nítorí ẹni tí ó kà tí kò gbọ́ ìtumọ̀, àbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí ẹ lè ṣe nílé kò gba owó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá, nítorí ọmọ ti gbọ́ ọ, lẹ́tà rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tan ni jẹ. Ẹ kọ b, ẹ kọ a. Ẹ jẹ́ kí ó pè wọ́n pọ̀: ba. Ẹ pààrọ̀ a sí ẹ, sí o, sí u. Ẹ fi hàn án pé gb jẹ́ ìró kan ṣoṣo bí ó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́tà méjì. Bí ó bá dé orí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún un pé p tiwọn kì í ṣe p tiwa. Bí ó bá dé orí Lárúbáwá, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ìró tí a kò ní. Àwọn baba ńlá wa gbé ọjọ́ al-khamīs wọlé, ó di Àlàmísì lẹ́nu wa, ìró khā' sì bọ́ sọnù lọ́nà. Kò sí aburú nínú ìyẹn ní ọjà, ṣùgbọ́n nínú Kùránì, ìtumọ̀ ni ó ń bọ́ sọnù.

Ọmọbìnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ńkọ́? A dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dùn ún, nítorí àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ni ó jókòó tì. A kò jẹ́ kí ó pe orúkọ lẹ́tà fún oṣù kan gbáko. Ní oṣù karùn-ún, a ṣí ojú ewé tí kò kọ́ rí sílẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. Ó ka ìlà mẹ́rin. Ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi ìborùn nu ojú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àṣẹ àkọ́kọ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àṣẹ kíkà ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà nínú yín, kí ó mú àbúrò rẹ̀ kan jókòó ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ń ṣe ni láǹfààní jíǹkí wa. Àmín.