Dídẹ Tàkúté fún Muskrat àti Títọ́jú Awọ Rẹ̀

Muskrat jẹ́ ẹranko kan nínú ẹbí eku tí í máa gbé inú omi àti irà. Àríwá Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, láti Kánádà títí dé àwọn irà etíkun Louisiana. Orúkọ tí sáyẹ́ǹsì mọ̀ ọ́n sí ni Ondatra zibethicus. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í wúwo ju kílò 1 lọ dáadáa, àwọn tó sanra jù ló ń sún mọ́ kílò 2. Ìrù rẹ̀ gùn, ó ní ìpẹ́, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nírun rárá. Irun ara rẹ̀ pín sí ìpele méjì: tòde gùn, ó ń dán, ó sì le díẹ̀, tinú kúrú, ó ki, ó sì rọ̀ débi pé omi kì í kàn án lára. Irun inú yìí ni àwọn oníṣòwò awọ ń wá kiri láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń pa á jẹ, tí wọ́n sì ń fi awọ rẹ̀ ṣe aṣọ, kí àwọn Òyìnbó tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn aránṣọ onírun máa ń fa irun òde rẹ̀ tu, wọ́n á pa tinú láró dúdú, wọ́n á sì tà á ní orúkọ Hudson seal fún àwọn obìnrin ìlú ńlá. Fìlà òtútù àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Kánádà, awọ muskrat ni. Ìpínlẹ̀ Louisiana nìkan pa ju mílíọ̀nù 8 lọ ní àsìkò ọdẹ 1945 sí 1946. Ní 1905, wọ́n kó díẹ̀ lọ sí ìtòsí ìlú Prague, wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù kan. Ní Netherlands, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ló ń dẹ tàkúté fún un, nítorí ihò tó ń gbẹ́ lè wó ògiri erùpẹ̀ tí wọ́n fi sé omi mọ́ ìta.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ní ẹ̀kọ́ tó jẹ́ dandan fún akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó tàkúté nílẹ̀, ó sábà máa ń wà láàárín ìgbà tí ewé ń wọ́ àti ìparí òtútù. Irun kì í tíì kún ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò náà. Òpin òtútù ló máa ń dára jù, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń móoru, àwọn akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jà, ojú eyín á sì lu awọ wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni omi, kí ó tó kan tàkúté. Kí ó wọ bàtà omi, kí ó mú ọ̀pá tó máa fi wọn jíjìn omi lọ́wọ́, kí ó rin etí irà náà láìtíì mú tàkúté dání. Muskrat a máa kó koríko etí omi àti ẹrẹ̀ jọ gegere sójú omi, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà lábẹ́ omi. Níbi tí bèbè odò bá ga, ihò ló ń gbẹ́ sínú rẹ̀. Bí omi bá mọ́, èèyàn á rí ipa ọ̀nà tó ti jẹ wọnú ilẹ̀ láti ẹnu ihò lọ sí àárín odò. Bí omi ibẹ̀ bá dàrú, tí ibòmíràn sì tòrò, ẹranko náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ìgbẹ́ rẹ̀ wà lórí òkúta àti igi tó ṣubú sómi, koríko tó gé jẹ kù a sì máa léfòó. Ọdẹ tí kò bá lè ka àwọn àmì wọ̀nyí, tàkúté 100 kò lè gbà á.

Oríṣi tàkúté méjì ló wọ́pọ̀. Ti àtijọ́ ni èyí tó ń mú ẹsẹ̀, irú èyí tí Sewell Newhouse ti ìpínlẹ̀ New York sọ di ìlú mọ̀ọ́ká ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Èkejì ni Conibear, tí Frank Conibear, ọdẹ ará Kánádà, ṣe, tó sì bọ́ sí ọjà ní òpin àwọn ọdún 1950. Nọ́ńbà 110 rẹ̀ ni wọ́n ń lò fún muskrat: férémù irin onígun mẹ́rin méjì tó ń pa dé mọ́ ọrùn tàbí àyà ẹran. Wọ́n á gbé e dúró sínú ipa ọ̀nà tàbí sí ẹnu ihò, wọ́n á sì fi èèkàn dè é mọ́lẹ̀. Ìdí tí Conibear fi ṣe é ni pé ìyà tí tàkúté ẹsẹ̀ ń fi jẹ ẹran dùn ún, ó sì yẹ kó dun akẹ́kọ̀ọ́ náà. Bó bá jẹ́ tàkúté ẹsẹ̀ ló lò, kí ó dẹ ẹ́ sí ibi tí omi jíjìn wà nítòsí, kí ṣéènì rẹ̀ sì dé ibẹ̀, kí ẹran lè tètè kú sínú omi. Dídẹ ẹ́ sí omi tí kò jìn, níbi tí ẹran á ti máa jà títí ilẹ̀ fi mọ́, ìwà ìkà ni, ẹran náà sì lè já ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó sá lọ. Kárọ́ọ̀tì tàbí ápù tí wọ́n fi há orí ọ̀pá lókè tàkúté a máa fà á wá. Àràárọ̀ ló yẹ kí wọ́n máa bẹ tàkúté wò.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni ìdí awọ. Nílẹ̀ Yorùbá, bí a bá pa òyà tàbí okété, iná la fi ń wi irun rẹ̀ dànù kí ẹran tó dé inú ìkòkò. Ti muskrat kò rí bẹ́ẹ̀, irun yẹn gan-an ni ọjà. Nítorí náà, kí wọ́n fi omi tó mọ́ ṣan ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n gbé e kọ́ títí irun á fi gbẹ. Wọ́n á wá fi ọ̀bẹ kékeré la awọ láti gìgísẹ̀ ẹ̀yìn kan, gba abẹ́ ìrù kọjá, dé gìgísẹ̀ kejì. Wọ́n á gé awọ yí ìdí ìrù po, wọ́n á wá máa fà á wálẹ̀ sí ọ̀nà orí, kí inú awọ lè yí síta. Ìka ọwọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀bẹ ń padà bọ̀ bí wọ́n bá dé etí, ojú àti ètè, ibi tí ọwọ́ tó bá yá jù ti máa ń dá ihò sí awọ lára. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, nítorí àrùn tularemia lè gba ojú egbò wọlé sí ara èèyàn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á ha ọ̀rá àti ẹran tó lẹ̀ mọ́ awọ kúrò. Ọ̀rá tó bá kù á pọ́n, á sì ba awọ jẹ́. Bí wọ́n bá tún ha á kọjá ààlà, gbòǹgbò irun á yọ, irun á sì máa re. Awọ ikùn fẹ́lẹ́ jù. Wọ́n á wá fi awọ náà wọ pátákó tàbí wáyà tí wọ́n fi ń nà á, irun nínú, awọ lóde, ẹ̀yìn lápá kan, ikùn lápá kejì. Kí wọ́n má fà á jù, torí irun á tàn kálẹ̀, á sì fọ́nká. Ibi tútù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ló ti ń gbẹ dáadáa láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀gbẹ́ iná ìdáná á mú un le, á sì sán.

Bẹ́ẹ̀ ni awọ náà ń lọ sọ́jà láìyí i padà, ó sì yàtọ̀ sí awọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí irun rẹ̀ ń wà lóde. Àwọn kan ń tà á fún oníṣòwò tó ń kiri àdúgbò, àwọn mìíràn ń fi ránṣẹ́ sí ọjà gbàǹjo bí èyí tó wà ní North Bay, ní Ontario. Ẹni tó ń rà á á wo ojú awọ kó tó wo irun: èyí tó ní àbàwọ́n dúdú, wọ́n pa á kí irun rẹ̀ tó gbó, èyí tó mọ́lẹ̀, ìgbà tó yẹ ni wọ́n pa á. Á wọn gígùn rẹ̀, á sì ka ihò ọ̀bẹ àti ojú eyín mọ́ ọn lára. Ní ti ẹran, ní etíkun ìlà-oòrùn Maryland àti ní àgbègbè Monroe ní Michigan, wọ́n ń sè é jẹ, wọ́n á kàn kọ́kọ́ yọ kókó olóòórùn tó wà nítòsí ìdí rẹ̀ kúrò.