A Kì í Tojú Oníka Mẹ́sàn-án Kà Á: Ìtàn Àṣírí Ẹni Tí A Fọ̀rọ̀ Wá Lẹ́nu Wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Òwe yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni má mọ iye ìka ọmọnìkejì rẹ̀. Ohun tí ó kọ̀ ni kí a sọ ara ẹlòmíràn di ìran wíwò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ owó rí láwùjọ wa. Nígbà tí àwọn àgbà bá ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí ènìyàn, kí ó má ṣe aláìní ni wọ́n ń wí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣèwádìí nípa bí àwọn akàndá ẹ̀dá ṣe ń rówó gbọ́ bùkátà, ohun méjì tí ọmọ ènìyàn ń fi aṣọ bò ni ó fẹ́ ṣí wò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtàn fi yé wa pé bí olùwádìí bá ṣe pa àṣírí mọ́ tó ni òtítọ́ yóò ṣe jáde tó.

Àdúgbò Wuse ní Àbújá ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Òfin ìjọba ológun kẹfà ti ọdún 1976 ni ó dá Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba sì ṣí kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀. Ọjà ńlá tí ó wà ní Wuse ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ní Sóònù 7 níbẹ̀, lójú ọ̀nà Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni olú ilé-iṣẹ́ Àjọ Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè wà. Nígbà tí Àjọ náà ka ènìyàn ní oṣù Kẹta ọdún 2006, iye àwa ọmọ Nàìjíríà jẹ́ 140,431,790. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá pẹ̀lú, iye tí wọ́n sì rí jẹ́ 3,253,169, èyí tí kò tó ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ọdún 2018, nínú ìwádìí ìlera tí Àjọ yìí kan náà ṣe láti ilé dé ilé, wọn kò béèrè bí ẹnìkan bá jẹ́ arọ tàbí afọ́jú. Ohun tí wọ́n béèrè ni bí ó bá ní ìṣòro láti ríran, láti gbọ́rọ̀, láti rìn, láti rántí nǹkan, láti wẹ̀, tàbí láti sọ̀rọ̀ kí ó yé ènìyàn. Nínú àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún sókè, ẹni méje nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Lóòótọ́, ìbéèrè tí ó yàtọ̀ wà lára ohun tí ó mú ìdáhùn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé àwọn òbí ń bẹ tí wọ́n ń ti ọmọ mọ́ yàrá bí àlejò bá kanlẹ̀kùn? Ẹni tí a ń fi pamọ́ fún aládùúgbò, akànìyàn tí a kò mọ̀ rí kò ní tètè rí i kà.

Ìbẹ̀rù akànìyàn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1929, ní ìlú Oloko nílẹ̀ Ìgbò, ìránṣẹ́ olóyè tí ìjọba amúnisìn fi jẹ wọ ilé obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nwanyeruwa, ó ní kí ó ka ènìyàn ilé rẹ̀, ewúrẹ́ rẹ̀ àti àgùntàn rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti ka àwọn ọkùnrin, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí owó-orí fi dé sọ́rùn wọn. Àwọn obìnrin wá gbà pé ó ti kan àwọn. Ọ̀rọ̀ náà di Ogun Àwọn Obìnrin, ó sì gba ẹ̀mí àwọn obìnrin tí ó lé ní àádọ́ta. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí a bá ti ka ohun ìní rẹ̀ láìsọ ohun tí a fẹ́ fi iye rẹ̀ ṣe fún un, kò tún ní gba akànìyàn gbọ́ mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Jámánì burú ju èyí lọ. Ní ọdún 1939, ìjọba Hitler fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ àti àwọn akàndá ẹ̀dá. Wọ́n béèrè irú àìsàn tí ó ń ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì béèrè bóyá ó lè ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà tí kò fojú kan aláìsàn ni ó ń fàmì sí fọ́ọ̀mù náà, àmì yẹn ni ó sì ń sọ ẹni tí yóò kú. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ ọdún 1941, wọ́n ti pa ènìyàn tí ó lé ní 70,000. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì, Hesse, ni ó kọ́kọ́ ṣòfin ìdáàbòbò ìwífún lágbàáyé, ní ọdún 1970. Tàbí pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, ilé-ẹjọ́ gíga tí ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè náà fagi lé apá kan nínú òfin ìkànìyàn wọn, tí ó sì sọ pé olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti pinnu bí a ó ṣe lo ìwífún nípa ara rẹ̀, àyàfi níbi tí òfin bá fi ààlà sí i.

Nàìjíríà náà kò jókòó lásán. Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 37, dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè àti ilé rẹ̀. Ní ọdún 2007, ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá, tí abala 31 rẹ̀ sọ pé kí orílẹ̀-èdè kó ìwífún nípa wọn jọ, ṣùgbọ́n kí ó pa àṣírí wọn mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Ìwífún. Òfin yìí ka ipò ìlera mọ́ ìwífún tí a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ẹlẹgẹ́ mú, ṣùgbọ́n kò dárúkọ owó mọ́ wọn. Níbi tí òfin bá dákẹ́ sí, ẹ̀rí-ọkàn olùwádìí ni yóò sọ̀rọ̀.

Kí wá ni ojúṣe olùwádìí? Èkíní ni ìyọ̀ǹda. Afọ́jú gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé kí ó tó tẹ̀ka sí i. Adití gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò fọwọ́ ṣàlàyé fún un. Kí ó sì yé àwọn méjèèjì pé wọ́n lè kọ̀. Ẹni tí yóò ṣe ògbufọ̀ pàápàá gba àròjinlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àbúrò adití ni ó ń túmọ̀, báwo ni ẹ̀gbọ́n yóò ṣe sọ iye owó tí ó fi pamọ́ lójú àbúrò tí ń tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́?

Èkejì ni ìwọ̀n. Ẹni tí ó ń wádìí bí arọ ṣe ń rí owó ọkọ̀ san kò nílò nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì. Ẹ̀kẹta ni pé yíyọ orúkọ nìkan kò tó. Ká ní ìwé ìwádìí kan sọ pé obìnrin arọ kan tí ń ta káàdì ìpè lẹ́nu ọ̀nà ọjà Wuse jẹ gbèsè, bí kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, gbogbo ọjà ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó jẹ ní gbèsè sì ti mọ̀ pé ó ń rojọ́ òun. Ẹ̀kẹrin ni ìpamọ́: kí ibi tí orúkọ wà yàtọ̀ sí ibi tí ìdáhùn wà, kí a sì pa orúkọ rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Àwọn kan lè sọ pé gbogbo ìṣọ́ra yìí yóò dí ìwádìí lọ́wọ́, pé ìjọba kò lè ran ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé ẹni tí a kò kà, a kò ní pín fún un. Ṣùgbọ́n iye ni ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀. Ti ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni àṣírí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń mú ìwé ìbéèrè jáde nítorí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti akànìyàn Wuse jọ ń tọ̀. Àlejò ni òun náà lẹ́nu ọ̀nà onílé. Bí ó bá da ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un síta, kì í ṣe onílé yẹn nìkan ni yóò ti ilẹ̀kùn. Gbogbo àdúgbò ni yóò ti í mọ́ olùwádìí tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.