Òǹwòran Èkó àti Ilẹ̀kùn Ilé Eré

Bí a bá ń pìtàn eré orí ìtàgé ní Èkó, òṣèré ni a sábà máa ń dárúkọ. Òǹwòran ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí: ta ni ó ráyè wọlé, kí sì ni ó ń san owó rẹ̀ fún?

Níwájú eégún aláré, kò sí ilẹ̀kùn. Olówó àti tálákà a jọ pagbo, ẹni tí eré bá dùn mọ́ a ta òṣèré lọ́rẹ. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Gbọ̀ngàn Ìrántí Glover mú ilẹ̀kùn wá. Àwọn Òyìnbó àti ọ̀mọ̀wé Èkó ni wọ́n ń jókòó níbẹ̀. Àwọn ìjọ tí ó yapa kúrò lọ́dọ̀ míṣọ́nnárì ni wọ́n gba ìlù àti orin wa láyè padà. Inú wọn ni eré olórin láti inú Bíbélì ti jáde.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ni Hubert Ògúndé, tí ó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá, gbé wá sí Glover ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọdún 1944, nítorí ìjọ Aládùúrà kan. Ní 1945 ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ọdún náà gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀, Ògúndé sì sọ ọ́ di eré, Strike and Hunger. Lójú tèmi, níhìn-ín ni òǹwòran Èkó ti di ẹni ara rẹ̀: kì í ṣe ọmọ ìjọ tí ó wá dáwó mọ́, bí kò ṣe ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wo ọ̀ràn ara rẹ̀. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fòfin de eré náà ní Jos ní 1946. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá Ronú ní 1964, òfin náà kò dé Èkó, nítorí olú-ìlú àpapọ̀ ni Èkó nígbà náà. Ó di 1966 kí wọ́n tó ká òfin náà kúrò.

Ilé Ìṣeré ti Orílẹ̀-Èdè ní Ìgànmú, tí ó ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká láti 2024, ṣílẹ̀kùn ní 1976, pẹ̀lú gbọ̀ngàn oníjókòó 5,000. (Àlejò FESTAC 1977 ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe àwa aládùúgbò.) Ó pẹ́ kí ó tó dé. Ọdún yẹn náà ni sinimá Àjàní Ògún jáde. Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe Aiyé ní 1979. Nígbà ọdún, èrò a wọ́ lọ sí Ìgànmú, tẹbí tará. Ìtàgé ńlá náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ funfun tí sinimá ń tàn sí ni wọ́n ń wò.