Àwòrán Ṣọ̀npọ̀nná ní Lọ́ńdọ̀nù

A júbà Olódùmarè. A júbà irúnmọlẹ̀. A júbà àwọn òkú ilé wa, àti àwọn òkú tí ilé wọn kò pe orúkọ wọn.

Fọ́tò kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ti jókòó lórí ẹní òrìṣà rí. Rotimi Fani-Kayode ni ó yà á ní 1987. Kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Ọkùnrin dúdú kan wà nínú rẹ̀ ní ìhòhò. A kò rí orí rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà funfun àti dúdú kun ara rẹ̀ ní tótòtó, ó sì di àbẹ́là oníná mẹ́ta mú níwájú abẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí Rotimi fún àwòrán náà ni Sonponnoi.

Àwa olórìṣà kì í ṣàdédé pe orúkọ yẹn. Ọbalúayé ni à ń pè é, tàbí Olóde, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú. Kí ló dé tí ọmọ Ifẹ̀ kan fi kọ ọ́ gàdàgbà sára àwòrán ọkùnrin oníhòhòó? A kò lè dáhùn láìsọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ti ń fi kámẹ́rà wo ọkùnrin ṣáájú rẹ̀. A ó máa sọ pé "àwọn ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin". Ó gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n èyí tí ó kúrú tí wọ́n ń lò nígboro, èébú ni, a kò sì ní fi bú ọmọ òrìṣà.

Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò lè sọ ohun tí wọ́n ń wò. Wọ́n nílò aṣọ tí wọn yóò dà bo ojú wọn. Ní Boston, ní nǹkan bí 1897, F. Holland Day wọ ọkùnrin dúdú kan láṣọ bí ìjòyè Etiópíà, ó sì yà á. Kò sí ààfin lẹ́yìn ìjòyè náà, sítúdíò ni. Ní ọdún 1898, Day fúnra rẹ̀ gun orí àgbélébùú, ó ya ara rẹ̀ bí Jésù. Bíbélì àti ilẹ̀ òkèèrè ni aṣọ tirẹ̀. Ní Niu Yọ́ọ̀kì, George Platt Lynes ń ya àwọn oge àti àwọn oníjó fún owó, ó sì ń ya àwọn ọkùnrin ní ìhòhò ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tó yá, ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn fún Alfred Kinsey, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ìbálòpọ̀, kí wọ́n má baà ṣègbé. Ó kú ní 1955. Ní Los Angeles, Bob Mizer fi eré ìdárayá bojú: láti 1951 ni ó ti ń tẹ ìwé ìròyìn Physique Pictorial, tí ó kún fún àwọn géńdé tí ó ń na iṣan. Ní 1962 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà tó dájọ́ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwé ìṣekúṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Títí di 1967, ẹ̀wọ̀n ni fún ọkùnrin méjì, kódà nínú yàrá tiwọn.

Lẹ́yìn èyí ni Robert Mapplethorpe dé, tí kò bojú rárá. Ẹwà àwòrán rẹ̀ kò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tí ó yà ní 1980, tí ọkùnrin dúdú kan wọ kóòtù àti ṣòkòtò. Ó gé orí ọkùnrin náà kúrò nínú àwòrán, ó fi nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Ní 1986, ó kó àwòrán àwọn ọkùnrin dúdú jọ sínú ìwé kan. Kobena Mercer kọ̀wé tako irú ojú tí ó fi wò wọ́n. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó tún èrò rẹ̀ gbé yẹ̀wò, nítorí ó rí i pé òun náà ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ní tiwa, àwa tí à ń bọ orí, ara tí a gé lórí láti fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ìran kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọdún tí Platt Lynes kú, 1955, ni wọ́n bí Rotimi ní Èkó. Ìdílé olóyè ni wọ́n ní Ifẹ̀, ìdílé tí ojúbọ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Olóyè Rẹ̀mí Fani-Kayode ni bàbá rẹ̀, gbajúmọ̀ nínú òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n sá lọ sí Brighton. Rotimi kàwé ní Washington, ó tún kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Niu Yọ́ọ̀kì, níbi tí ó ti rí iṣẹ́ Mapplethorpe, kò sì sẹ́ pé ó kọ́ nǹkan lára rẹ̀. Ní 1983 ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń gbé ní Brixton pẹ̀lú olólùfẹ́ rẹ̀, Alex Hirst, òyìnbó tí ó bá a ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní 1988 ó wà lára àwọn tí ó dá Autograph sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán dúdú, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Ní ọdún kan náà ó kọ àròkọ kan. Ó sọ níbẹ̀ pé àjèjì ni òun lọ́nà mẹ́ta: nínú ìfẹ́, nínú ìlú tí òun ń gbé, àti nítorí pé òun kò di oníyàwó oníṣẹ́ gidi tí àwọn òbí òun ń retí. Ó sọ pé òun ń wá ọ̀nà tí àwọn àwòrò àti oníṣẹ́ ọnà Yorùbá fi ń jáde kúrò nínú ara wọn. Àwa ní ọ̀rọ̀ fún èyí. Gígùn ni.

Àwòrán rẹ̀ tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni Bronze Head, 1987 náà. Orí idẹ Ifẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan lóṣòó lé e lórí, ìdí àti itan rẹ̀ nìkan ni a rí. Àwọn àgbà kan nínú wa ní ọ̀yájú ni: ta ló ń fi ìdí ko orí ọba? A gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ọmọ tí wọ́n ní kò ní bí ọmọ fún ìdílé ni ó lóṣòó yìí, Ifẹ̀ ni ó ń bí. A kò sọ pé ìtumọ̀ kejì kò sí níbẹ̀. Ó wà, ó sì mọ̀ pé ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Ọbalúayé. Ní ayé àwọn amúnisìn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de bíbọ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán láyé. Ẹni tí kò mọ òrìṣà lè rò pé iṣẹ́ Olóde parí nìyẹn. Ní 1981, àwọn dókítà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìròyìn nípa àìsàn tuntun tí ó ń pa àwọn ọ̀dọ́kùnrin, tí ó sì ń fi egbò sí ọ̀pọ̀ wọn lára. Éèdì ni. Ní oṣù Kìíní 1987, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Lórí tẹlifíṣọ̀n, òkúta ibojì ni wọ́n fi ń kìlọ̀. Ní 1988 wọ́n ṣe òfin pé kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ má ṣe gbé irú ìfẹ́ yìí lárugẹ.

Láàárín gbogbo èyí ni Rotimi gbé Ṣọ̀npọ̀nná jáde. Ẹ wo àmì tótòtó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmì àrùn ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó òrìṣà tí a fi ẹfun tò lára ní ọjọ́ ìjáde rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ara kan náà ni ó gba méjèèjì. Orí tí a kò rí ńkọ́? Ní Bàhíà, a kì í rí ojú Ọbalúayé nígbà tí ó bá ń jó: ìko ni ó bò ó láti orí wálẹ̀, gúgúrú ni a sì fi ń wẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Mapplethorpe gé orí kí a lè wo ara. Níhìn-ín, orí fara pamọ́ nítorí pé ẹni tí ó wà níbẹ̀ ju ohun tí à ń wò lọ. Iná sì wà ní ibi tí ayé ní ikú ti ń wọlé. Ìjọba fi ibojì hàn wá. Rotimi tan àbẹ́là.

Ẹnìkan yóò bi wá pé Fatumbi ńkọ́. Òótọ́ ni. Pierre Verger, tí a fi jẹ babaláwo ní Kétu ní 1953, dé Bàhíà ní 1946, ó sì ya àwọn alágbàṣe èbúté, àwọn atukọ̀ àti àwọn tí ó sùn sẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn olùwádìí ti kọ̀wé lórí bí ojú rẹ̀ ṣe ń pẹ́ lára ọkùnrin. Ìwé rẹ̀ lórí òrìṣà wà ní ilé gbogbo wa, àwòrán wọ̀nyẹn náà wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ sókè. Rotimi kò fi òrìṣà sí yàrá kan kí ó fi ìfẹ́ sí èkejì.

Ní 1988, ó ya ọ̀wọ́ àwòrán kan tí ó pè ní Abiku. Olúwarótìmí ni orúkọ tirẹ̀ ní kíkún, orúkọ tí ẹni tí ó bá mọ ìtàn Dúrótìmí kò lè gbọ́ láìrántí àwọn ọmọ tí à ń bẹ̀ pé kí wọ́n dúró. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, 1989, ọmọ ọdún 34, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń bọ̀ sípò lẹ́yìn àìsàn tí éèdì fà. Ọkàn rẹ̀ ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀. Hirst náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Nàìjíríà, láti oṣù Kìíní 2014, òfin lè rán ọkùnrin tí ó bá fi irú ìfẹ́ yìí hàn ní gbangba lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10.

Àwọn ilé òrìṣà ní òkè òkun ti sin ọ̀pọ̀ ọmọ wọn láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn onílù, àwọn akọrin, àwọn bàbálórìṣà. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní òtútù àyà ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ará Kúbà ń fi orúnkún rìn lọ sí El Rincón fún Babalú Ayé, a máa ń tan àbẹ́là mẹ́ta ní ojúbọ tiwa. A ó júbà, a ó sì pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Rotimi wà lára wọn.